Ẹ lọ sí Etiópíà o, àmọ́ ẹ fi aago yín sápò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè bóyá Etiópíà tó lọ, tẹ́ ẹ ní wọ́n ti sọ fún yín pé oúnjẹ ibẹ̀ kan àti pé àwọn èèyàn ẹ̀ ń gbéra ga, ti oúnjẹ yẹn, òótọ́ ni, ti ìgbéraga yẹn ni mi ò fara mọ́.

Injera, búrẹ́dì wọn tó rí pẹlẹbẹ, ni wọ́n fi ń jẹ gbogbo ọbẹ̀. Hóró teff, ọkà tí wọ́n fi ń ṣe é, kéré débi pé tó bá bọ́ sílẹ̀ ẹ ò ní rí i mọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó, wọ́n á fi sílẹ̀ kó kan fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí wọ́n tó dà á sórí ohun ìdáná pẹrẹsẹ, ojú ẹ̀ á wá máa lu ihò wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá ti ń mu ògì kíkan láti kékeré ò lè sá fún un, ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ló máa ṣe yín bákan.

Gursha ni kẹ́ ẹ múra sílẹ̀ fún. Abọ́ kan náà ni gbogbo yín á yí ká, ẹnì kan á wá ká injera mọ́ ọbẹ̀, òkèlè ńlá, á nawọ́ ẹ̀ sí yín lẹ́nu, ẹ ò sì gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Ìyá kan nílùú Gondar tí mi ò mọ̀ rí, àìsí àyè ló jẹ́ ká jọ jókòó, ó fi doro wat, ọbẹ̀ adìyẹ wọn, sí mi lẹ́nu, ata berbere yẹn mú omi jáde lójú mi, màmá wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún ká òmíràn. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ pè ní agbéraga? Wọn kì í kàn pariwo ni, wọ́n á rọra bọ̀ yín lọ́wọ́, wọ́n á fi èjìká kan èjìká yín, ó parí.

Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ ìjọ Orthodox kì í jẹ ẹran, ẹyin, wàrà tàbí bọ́tà, ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde sì ń lọ bí ọjọ́ 55, torí náà ẹ má bá olóúnjẹ jà pé kò sẹ́ran. Ẹ ní kí wọ́n gbé beyaynetu wá, lẹ́ńtìl pupa, ẹ̀fọ́, kábéèjì àti shiro, ìyẹn ọbẹ̀ ẹ̀wà lílọ̀, tí wọ́n tò yí orí injera ká, èmi ò tiẹ̀ rántí ẹran mọ́ nígbà tó yá. Kitfo ní tiẹ̀, ẹran tútù tí wọ́n lọ̀ ni, tẹ́rù bá ń bà yín ẹ ní "leb leb", wọ́n á bá yín yá a díẹ̀ lórí iná.

Ti kọfí, ẹ má kánjú rárá. Ojú yín ni wọ́n á ti yan án, wọ́n á gbé èéfín ẹ̀ kọjá nímú yín, wọ́n á gún un, wọ́n á sè é nínú jebena, ìkòkò amọ̀ wọn, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n sì máa bù ú, ẹni tó bá dìde lẹ́yìn àkọ́kọ́, ó ti rí wọn fín nìyẹn.

Aago wá ni baba ẹ̀! Ìdájí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka tiwọn, aago méje àárọ̀ wa ni aago kan wọn. Tí dírẹ́bà bá ní aago méjìlá lọkọ̀ ń gbéra, aago mẹ́fà àárọ̀ ló ń wí. Mo bá òyìnbó méjì lórí báàgì wọn ní gáréèjì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ wọn ti wà lọ́nà jìnnà. Ẹ máa bi wọ́n pé aago yín ni àbí tàwọn àlejò, kì í ṣe ìwọ̀sí.

Addis Ababa ga ju mítà 2,300 lọ, àtẹ̀gùn lásán á jẹ́ kẹ́ ẹ máa mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ rọra rìn, ẹ mú súẹ́tà dání. Nílùú Lalibela, ṣọ́ọ̀ṣì 11 ni wọ́n gbẹ́ látinú àpáta, Bete Giyorgis ló lẹ́wà jù, tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ lókèèrè ẹ ò ní rí nǹkan kan àfìgbà tẹ́ ẹ bá dé etí kòtò ẹ̀. Ẹ máa bọ́ bàtà, ṣùgbọ́n ẹ wọ sọ́ọ̀sì tó nípọn, torí kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń jẹni ń bẹ nínú kápẹ́ẹ̀tì wọn, kì í ṣe kékeré o. Ní tèmi ṣá, àwọn òkè Simien ló pa mí. Ọ̀bọ gelada, tó jẹ́ pé Etiópíà nìkan ni wọ́n wà, àyà wọn ní ojú pupa kan, wọ́n á jókòó rẹpẹtẹ lórí pápá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń já koríko bọ ẹnu, tẹ́ ẹ bá dákẹ́ ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń já ṣárá ṣárá, wọn ò tiẹ̀ ní wojú yín.

Wàhálà kan ni pé ìjà ti ń ṣẹlẹ̀ ní ẹkùn Amhara láti 2023, Lalibela, Gondar àti Simien sì wà níbẹ̀. Ẹ bèèrè dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó ohunkóhun. Tí kò bá fara rọ, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Addis lọ sí Dire Dawa, ẹ wá wọ mọ́tò dé Harar, ìlú olódi àtijọ́ ni, tílẹ̀ bá ṣú ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti ń bọ́ ìkookò (hyena) lẹ́ran lọ́wọ́. Ẹ sì yẹra fún oṣù Keje àti Ìkẹjọ, òjò ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí òkè kankan.