Èsì: Ṣé ẹbí kan náà ni gbogbo Patel tó wà ní London?
Rárá o, ẹ̀gbọ́n, wọn kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà. Oyè ni Patel kó tó di orúkọ ìdílé: olórí abúlé tó ń bójú tó ilẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀ ní Gujarat, ní Íńdíà, ló ń jẹ́ ẹ. Àwọn Mùsùlùmí kan ní Bharuch, ìlú kan ní Gujarat, náà ń jẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ tó wà ní London kò sì ti Íńdíà wá tààrà. Kenya àti Uganda ni wọ́n ti ń ṣòwò, kí Idi Amin, olórí Uganda, tó lé àwọn ará Éṣíà jáde ní Uganda ní 1972. Ti Amẹ́ríkà ló dùn mọ́ mi jù: mòtẹ́ẹ̀lì, ìyẹn hòtẹ́ẹ̀lì kékeré ẹ̀bá ọ̀nà, ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe níbẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn káńtà ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya ń gbé, àwọn fúnra wọn ló sì ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì.