Ìlú márùn-ún lọ́jọ́ mẹ́sàn-án kẹ̀? Ẹ jẹ́ n sọ tèmi

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ. Ẹ ní ẹ̀yin, madam àti ọmọ yín tí kò mọ nǹkan míì ju bọ́ọ̀lù lọ fẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Paris, Amsterdam, Milan, Róòmù àti Barcelona láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹ wá ń bèèrè bóyá èèyàn lè ra tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì. Ẹ má bínú o, ẹ yọ ìlú méjì kúrò níbẹ̀ ná. Ìlú mẹ́ta péré lèmi àtìyàwó mi lọ ní April 2024, síbẹ̀ ohun tójú wa rí kì í ṣe kékeré.

Paris la ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la lọ sí Louvre, mùsíọ́ọ̀mù tí àwòrán Mona Lisa wà, àṣé Louvre kì í ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun! Mi ò rí ìlà kankan, mo wá ń sọ fún ìyàwó mi pé Ọlọ́run mà ṣe é fún wa lónìí o, àfi ìgbà tá a dé ìdí pírámíìdì onígíláàsì yẹn tá a rí i pé wọ́n tilẹ̀kùn pa. Kò sẹ́ni tí mo lè bú, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èmi ni mi ò wò ó. Ọjọ́ kejì a ti ra tíkẹ́ẹ̀tì réluwé Milan sílẹ̀, bí Mona Lisa ṣe fò wá ru nìyẹn.

Torí náà, ọjọ́ tí wọ́n ń tì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Mùsíọ́ọ̀mù Vatican kì í ṣí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àfi Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù, ọ̀fẹ́ sì ni lọ́jọ́ náà, ẹ fojú inú wo ìlà epo nígbà tí epo bá wọ́n nílé. Tẹ́ ẹ bá ṣì ranrí mọ́ Amsterdam, ilé Anne Frank, ọmọbìnrin Júù tó sá pa mọ́ síbẹ̀ nígbà ogun Hitler, ò ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà rárá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń tú ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i sórí sáìtì wọn, kíá ló sì ń tán. Àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn tí Leonardo yà ní Milan, ìṣẹ́jú 15 péré ni wọ́n ń fún èèyàn níbẹ̀, ẹni tí ò bá sì tètè ra tiẹ̀ sílẹ̀ á kàn wo ògiri ṣọ́ọ̀ṣì látìta ni, bíi tiwa.

Róòmù ló wá dùn mí jù. Tíkẹ́ẹ̀tì Colosseum báyìí, pápá ìṣeré àwọn ará Róòmù àtijọ́ yẹn, orúkọ ẹni tó máa wọlé ló ń wà lára ẹ̀, wọ́n sì máa ń fi wé pásípọ́ọ̀tù. Ẹ sì mọ bí orúkọ àwa Yorùbá ṣe rí. Orúkọ tí mo ń pe ìyàwó mi nílé ni mo kọ, mo tún fi sọ́nẹ́ẹ̀mù tèmi tì í, bẹ́ẹ̀ orúkọ bàbá ẹ̀ ló ṣì wà nínú pásípọ́ọ̀tù, torí látọjọ́ tá a ti ṣègbéyàwó la ti ń sọ pé a máa lọ pààrọ̀ ẹ̀. Bàbá tó ń yẹ̀ ẹ́ wò wo tíkẹ́ẹ̀tì, ó wo pásípọ́ọ̀tù, ó wo ìyàwó mi, ó mirí. Mo ṣàlàyé ṣàlàyé, ẹnu mi fẹ́ẹ̀ bó. Ta ló máa wọlé kó fìyàwó ẹ̀ sílẹ̀ níta? Ìta náà la ti yí i po, a ya fọ́tò, a lọ jẹ áísìkirìmù, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Owó sì ti wọgbó, sáìtì kan tó ń tún tíkẹ́ẹ̀tì tà ni mo ti rà á ní ìlọ́po méjì. Sáìtì Colosseum gangan ni kẹ́ ẹ lọ, ọjọ́ 30 ṣáájú ni wọ́n ń ṣí i.

(Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ṣáà bo èjìká àti orúnkún. Ní Paris, ẹni tó bá ń pè yín ní my brother tó fẹ́ so òwú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ kó ọwọ́ sápò kẹ́ ẹ máa lọ.)

Àmọ́ San Siro, pápá bọ́ọ̀lù tó wà ní Milan, háà! Ẹ má yọ Milan o. Réluwé abẹ́ ilẹ̀ M5 gbé wa débẹ̀, a wọ yàrá ìmúra, ti kílọ́ọ̀bù AC Milan lọ́tọ̀, ti Inter lọ́tọ̀, a jáde sétí pápá. Gbogbo ìgbà tá a máa ń há mọ́ra nídìí tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé, nítorí Kanu àti Taribo West ní Inter, ló padà wá sí mi lórí. Taribo onírun aláwọ̀ yẹn, tó tún padà kọjá sí AC Milan! Obafemi Martins náà tẹ̀ lé wọn, tó bá ti gbá a wọlé á máa ta òkìtì. Omi lé sí mi lójú, ìyàwó mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ má lọ lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà, wọn ò ní mú yín káàkiri, ẹ sì wo ti kílọ́ọ̀bù méjèèjì torí wọ́n jọ ń lò ó ni. 1926 ni wọ́n ti ṣí i, ní 2025 ìlú Milan tà á fún kílọ́ọ̀bù méjèèjì, wọ́n fẹ́ kọ́ tuntun kí wọ́n sì wó èyí tó pọ̀ jù lára ti tẹ́lẹ̀. Kí ọmọ yín tètè lọ rí i.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ wo ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù madam?