Èsì: mọ́tò tó ń mu epo, tó sì ń rú èéfín dúdú
Òkun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní mọ́tò yín ń mu epo, ó sì ń rú èéfín dúdú, ẹ wá fẹ́ pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ omi rédíétọ̀, ìyẹn èyí tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà mọ́tò bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Ẹ má tíì ra tuntun. Bí mọ́tò yín bá ń rú èéfín dúdú láti Kàbà dé Ìsánlú, tí kì í tètè sitáàtì bó bá ti gbóná, ẹ kọ́kọ́ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ náà wò. Tèmi, nǹkan aláwọ̀ ewé ló ti jẹ irin ẹnu rẹ̀.

Bó bá mọ́, ẹ fi mítà iná wọn ẹsẹ̀ irin méjèèjì tó wà lára sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ tó sitáàtì. Ọ̀pọ̀ máa ń fi bíi 2,000 sí 3,000 ohm (ìwọ̀n bó ṣe ń dí iná lọ́wọ́) hàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, á wálẹ̀ sí bíi 200 sí 400. Bí kò bá yí padà, ó ti kú nìyẹn.

Sẹ́ńsọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni mo ń sọ o. Bí omi rédíétọ̀ bá sì ti lọ sílẹ̀, sẹ́ńsọ̀ tó dáa pàápàá á purọ́.