Ìgbà Wo Gan-an Ni Igi Larch Ń Pọ́n?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ìyàwó mi wakọ̀ láti Seattle lọ sí Maple Pass, ọ̀nà ìrìn kan lórí òkè North Cascades ní ìpínlẹ̀ Washington, ní àárín oṣù kẹwàá. Ìhòòhò la bá gbogbo larch, igi tí ewé rẹ̀ ń pọ́n bí ìyeyè kó tó wọ́. Ọjọ́ wo ló yẹ ká lọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ má mú ọjọ́ kan ṣoṣo. Larch orí òkè North Cascades sábà máa ń pọ́n láti ìparí oṣù kẹsàn-án títí dé bí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá, àwọ̀ náà kì í sì í pẹ́ ju bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ẹ ya ọjọ́ mẹ́ta sọ́tọ̀, kí ẹ wá wo fọ́tò àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè lójú òpó Washington Trails Association, ẹgbẹ́ àwọn tó ń rìn lórí òkè. Déètì fọ́tò ni kẹ́ ẹ wò o, ẹ má wo ẹwà rẹ̀. Fóònù ń kun nǹkan. Bí ewé bá ṣì dà bí òrombó tí kò tíì pọ́n, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Bó bá ti pọ́n bí ìyeyè, ẹ má fòní dọ́la.

Ìjì ló ń ba ètò jẹ́ jù. Igi náà á kọ́kọ́ fa èròjà tó wúlò inú ewé padà sára, àwọ̀ ewé á ṣí, ti ìyeyè á yọ. Lẹ́yìn èyí, ewé ò dì mọ́ ẹ̀ka dáadáa mọ́. Ìjì òru kan lè gbọ̀n ọ́n dà nù. Bí wọ́n bá ní ìjì ń bọ̀ ní Sátidé, Ọjọ́bọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ. Yìnyín díẹ̀ ò ṣe nǹkan, bí bàtà yín bá lè di ilẹ̀ mú.

Ẹ kún táńkì ní Marblemount, torí kò sí ilé epo mọ́ títí ẹ ó fi dé Mazama. Láti Rainy Pass, níbi tí ẹ ó ti gbé ọkọ̀ sílẹ̀, ìrìn náà yípo, ó lé díẹ̀ ní máìlì 7, ìgòkè rẹ̀ sì tó ẹsẹ̀ bàtà 2,000. Apá Lake Ann ni kẹ́ ẹ gbà gòkè: kò ga lójijì, ẹ ó sì ti bá larch pàdé ní Heather Pass. Ìsọ̀kalẹ̀ apá kejì le fún orúnkún, nítorí náà ẹ mú ọ̀pá dání. Lópin ọ̀sẹ̀, ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí àyè ọkọ̀ ti ń tán. Ẹ fi ìwé àṣẹ Northwest Forest Pass sójú gíláàsì ọkọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣebí ìbátan páìnì, igi tí ewé rẹ̀ kì í tán lórí, ni larch? Kí ló dé tó fi ń wọ́wé?

ÌDÁHÙN: Ohun tí àràbà ń ṣe nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń ṣe nígbà òtútù. Omi inú ilẹ̀ ti dì, ó wá ju ewé tí ì bá máa gbẹ ẹ́ nù.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lẹ́yìn ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá. Wọn ò lè gun òkè.

ÌDÁHÙN: Ẹ gbé wọn lọ sí Blewett Pass, lójú ọ̀nà 97. Irú larch mìíràn ló wà níbẹ̀, tó ń hù nísàlẹ̀, tó sì ń pọ́n lẹ́yìn ti orí òkè. Inú ọkọ̀ ni Màmá yóò ti rí i. Ẹ ra ìbọ̀wọ́ fún wọn.