Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dí lílà ojú tábìlì yẹn pa

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní tábìlì tẹ́ ẹ rà, iṣẹ́ Pierre Chapo, oníṣẹ́ àga àti tábìlì ará Faransé, ti là lójú látìgbà tí òtútù ti dé, káfíńtà tẹ́ ẹ pè sì fẹ́ fi gúlù dí i, kó fi sáńpépà họ gbogbo ojú ẹ̀, kó wá kun fánísì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró. Àtúnṣe àga àti tábìlì àtijọ́ ni mo fi ń jẹun ní London níbí, mo sì mọ ibi tírú ẹ̀ ń já sí.

Pákó gidi ni Chapo máa ń lò nígbà ayé ẹ̀ ní Gordes lọ́hùn-ún ní gúúsù Faransé, elm, igi ńlá kan tó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù nígbà yẹn, ló sì fẹ́ràn jù. Pákó gidi máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́, tó bá ti fà á á wú, tí hítà bá gbẹ ẹ́ á sún kì, ìbú ẹ̀ ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, gígùn ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìdí nìyẹn tí Chapo fi máa ń gbẹ́ igi wọnú igi, kí pákó lè ráyè wú kó ráyè sún kì. Wọ́n gbé tábìlì kan wá bá mi tẹ́nì kan ti rọ gúlù líle sí lásìkò òtútù, ìgbà tí lílà ẹ̀ fẹ̀ jù, ooru dé, pákó fẹ́ padà sáyè ẹ̀, gúlù ò gbà fún un, ló bá là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n dí gan-an.

Ti sáńpépà ló ń dùn mí jù. Elm ní àwọn ìlà wẹ́wẹ́ kan tó ń wọ́ kọ́rọkọ̀rọ bí ìyẹ́ àyà àparò, ọdún tó ti kọjá lórí wọn ló fún wọn láwọ̀ yẹn, wákàtí kan péré lẹ̀rọ á fi họ ọ́ dànù. Elm ńlá ò sì sí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ o, àrùn kan tí kòkòrò ń gbé kiri pa àìmọye ẹ̀ ní Yúróòpù láàárín ọdún 1970 sí 1980.

Ẹ gbé e jìnnà sí hítà. Ẹ ki bébà bọ inú lílà yẹn, ẹ kọ iye bébà tó gbà sílẹ̀, ẹ tún ki bébà bọ̀ ọ́ wò lóṣù kẹjọ tí ooru bá mú. Tí ẹnu ẹ̀ bá ti ń pa dé, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìda oyin díẹ̀ lójú ẹ̀ ti tó. Àfi tó bá là dé òpin tàbí tẹ́sẹ̀ ẹ̀ bá ń mì, ìgbà yẹn la máa gbẹ́ pákó elm kékeré kan kó rí bíi labalábá, ká fi de lílà yẹn pọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ ya fọ́tò abẹ́ ẹ̀ ránṣẹ́ kí n wò ó ná.