Ṣé ìdùbúlẹ̀ ni ìtọ́jú ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Bàbá wa ní Òmù-Àrán jẹ́ ẹni ọdún 62. Heart failure ni wọ́n ní ó ń ṣe wọ́n. Dókítà ní kí wọ́n máa rìn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní wọn kò gbọdọ̀ kúrò lórí ibùsùn, kí ọkàn wọn má baà dáṣẹ́ dúró lójijì. Ta ni kí a gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí bàbá. Àìsàn yìí kò túmọ̀ sí pé ọkàn fẹ́ dáṣẹ́ dúró. Ọkàn náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri tó bí ara ṣe ń fẹ́ ẹ, ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ fi ń wú tí mímí sì ń nira.

Ọ̀rọ̀ ìdùbúlẹ̀ yìí ni ó ń bí mi nínú, nítorí pé lemọ́lemọ́ ni mò ń gbọ́ ọ ní Ìlọrin níbí. Lóòótọ́, àwọn dókítà fúnra wọn a máa pàṣẹ rẹ̀ nígbà kan rí. Wọ́n gbé ìyá kan wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn oṣù mẹ́ta lórí ibùsùn, itan rẹ̀ ti joro débi pé kò ju apá mi lọ. Iṣan ẹran ara tí ó ti joro báyìí kì í lè lo ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń gbé wá dáadáa, nítorí náà bí aláìsàn bá rìn dé balùwẹ̀ lásán, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, àwọn ará ilé yóò ní àìsàn ti le sí i, wọn yóò sì tún dá a padà sórí ibùsùn. Ìwádìí HF-ACTION, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009, lo àwọn aláìsàn 2,331 tí wọ́n ní irú àìsàn ọkàn yìí, tí àìsàn náà sì ti rọlẹ̀ lára wọn: ìdárayá kò pa wọ́n lára, ó sì mú kí ìgbé ayé rọ̀ wọ́n lọ́rùn díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí. Kì í wo àìsàn náà sàn.

Bí dókítà tí ó ń tọ́jú bàbá bá ti yọ̀ǹda, nítorí èmi kò tíì fojú rí wọn, kí wọ́n fi ìṣẹ́jú márùn-ún bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì máa fi díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí wọ́n lè máa bá yín sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń rìn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń gé mọ́ wọn lẹ́nu, kí wọ́n dẹ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwúwo wọn bá fi kílò méjì lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí àyà bá ń dùn wọ́n, tí òòyì bá ń kọ́ wọn, tàbí tí wọn kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, ẹ má rìn lọ́jọ́ náà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Ẹ má ṣe fi àgbo kankan rọ́pò oògùn wọn.

Ẹ̀gbọ́n yín tí ẹ̀rù ń bà ni kí ó máa bá wọn rìn.