N64 dé ilé wa, ọmọ mẹ́ta ló ń du páàdì: géèmù wo ni ká rà?

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí bíi tèmi. Leeds la wà. Ọkọ mi lọ sí ọjà car boot lọ́jọ́ Sátidé, ó ní òun fẹ́ lọ ra òòlù. Nintendo 64 àtijọ́ ló gbé wálé, páàdì méjì, káséètì kan ṣoṣo, Super Mario 64, tó jẹ́ pé ẹnì kan péré ló lè gbá a. Ọmọ ọdún 11 ni àwọn ìbejì mi, ọkùnrin ni méjèèjì. Àbúrò wọn obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 6. Bí ọ̀kan bá ti mú páàdì, ìjà dé. Mo fẹ́ géèmù tí a lè jọ gbá lẹ́ẹ̀kan náà, èmi àti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí èyí kékeré kò fi ní máa sunkún lọ sùn. Àbúrò mi tó wà ní Houston ní àwọn káséètì yìí pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, pé òun lè rà wọ́n kí òun fi ránṣẹ́. Ṣé kó rà á? Èwo ni kó kọ́kọ́ rà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má to mẹ́wàá sílẹ̀ fún mi o, owó gáàsì ṣì ń dúró dè wá.

Ìyá Ìbejì


Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ o, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ẹ̀jìrẹ́. Mo rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ òòlù yẹn gan-an. Ẹ bá mi kí bàbá wọn.

Kíá, ẹ pe àbúrò yín ní Houston kó má tíì náwó. Káséètì tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà kò ní ṣiṣẹ́ nínú N64 tí wọ́n tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yóò wọ ihò rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ará ibí ni tàbí àlejò, bó bá sì ti rí i pé àlejò ni, ojú telifíṣọ̀n yóò dúdú bẹ́ẹ̀ ni. Ibi tí ẹ wà náà ni kí ẹ ti rà á. PAL ni wọ́n ń pe irú ti Yúróòpù; bí ẹ bá ń rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ rí ọ̀rọ̀ yẹn kí ẹ tó sanwó.

Ẹ wo iwájú ẹ̀rọ náà, ihò páàdì mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Nígbà tó fi máa dé Yúróòpù lọ́dún 1997, ihò méjì péré ni àwọn ẹ̀rọ tí a mọ̀ ní, Mega Drive, Super Nintendo, títí kan PlayStation. Bí ẹ bá fẹ́ gbá a lẹ́ni mẹ́rin, ẹ ní láti lọ ra ohun mìíràn tí ẹ ó so mọ́ ọn. Nintendo 64 ní tirẹ̀ láti ilé iṣẹ́ wá, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe géèmù fún un fi kún fún eré ẹlẹ́ni mẹ́rin. Nítorí náà, kó tó kan géèmù, ẹ wá páàdì méjì sí i. Èyí ló máa dá ìjà ilé yín dúró ju géèmù èyíkéyìí lọ.

Wàyí o, bó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ máa rà lóṣù yìí, Mario Kart 64 ni. Mo mọ̀ pé ohun tí gbogbo ayé máa sọ fún yín náà nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi bá ilé yín mu. Géèmù yẹn mọ ẹni tó wà lẹ́yìn. Lójú ọ̀nà, àwọn àpótí aláràbarà kan wà tí èèyàn ń wa mọ́tò gbà kọjá kó lè rí ohun ìjà. Ẹni tó wà níwájú, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ìkarahun aláwọ̀ ewé kan ni yóò máa rí níbẹ̀. Ẹni tó gbẹ̀yìn ni wọ́n ń kó nǹkan gidi fún: ìràwọ̀ tí ohunkóhun kì í ran ẹni tó bá gbé e, tàbí mànàmáná tó ń sọ gbogbo àwọn yòókù di aràrá. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ yín kékeré ti forí gbá ògiri títí, ó ti wa mọ́tò sódì díẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ló bá gba mànàmáná. Àwọn méjèèjì súnkì lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn wọn di ti eku, bó bá sì bá wọn lójú ọ̀nà, yóò tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ. Ọmọ tó bá ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan kì í dìde nídìí rẹ̀ mọ́.

Àmọ́ ìdíje mọ́tò nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Battle sí, kí ẹ mú pápá tí wọ́n ń pè ní Block Fort. Ilé gogoro mẹ́rin ni, pupa, búlúù, ewé àti yẹ́lò, afárá so wọ́n pọ̀ lókè. Bàlúùnù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n so mọ́ mọ́tò ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tí wọ́n bá bẹ́ tirẹ̀ tán ti kú. Ibi tó dùn sí rèé: bí ẹ bá tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹni tó kọ́kọ́ kú kì í lọ jókòó. Ó ń di bọ́ǹbù kékeré lórí táyà, ó sì lè sá lọ kọlu ẹni tó pa á. Lójú tèmi, àwọn tó ronú kan èyí ti tọ́ ọmọ kékeré rí. Bí ẹ bá tún ti ju méjì lọ, orin géèmù náà á dákẹ́, ariwo mọ́tò nìkan lẹ ó máa gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é, ẹ má rò pé telifíṣọ̀n yín ló bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Nílé wa, òfin kan ló wà nídìí páàdì: Yorùbá nìkan la fi ń bú ara wa. Ẹ ṣáà mọ bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe nídìí ọpọ́n ayò, tí ọ̀ta ń fi òpè ṣẹ̀sín, tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè ọjọ́ orí, tí àgbàlagbà ń gba èébú tí ó sì ń rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Ọmọ mi tó jẹ́ pé "yes, Dad" ló fi ń dá mi lóhùn látàárọ̀ dalẹ́, ẹ wá gbọ́ ọ nígbà tó bá fi ìkarahun pupa gbá mi: "Dádì, òpè ni yín! Ẹ máa gbẹ̀yìn ni! Ẹ pẹ̀lẹ́ o!" Ó ń bú mi, ó sì ń fi "ẹ" bú mi. Mi ò tíì rí kíláàsì ọjọ́ Sátidé tó kọ́ ọmọ nírú ìyẹn.

Èyí tí ẹ ó tún rà tówó bá dé ni Mario Party, ṣùgbọ́n Mario Party 2 ni o, kì í ṣe àkọ́kọ́. Bíi lúdò ló rí: ẹ ju dáìsì, ẹ rìn lórí pátákó, lẹ́yìn ìyípo kọ̀ọ̀kan ẹ jọ ṣe eré kúkúrú kan tí kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí ẹ kò bá tó mẹ́rin, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á gbá ti ẹni tó kù. Àkọ́kọ́ tó jáde ní ìparí ọdún 1998 ní àwọn eré kan tí wọ́n ti ń ní kí èèyàn máa yí ọ̀pá àárín páàdì kíákíá. Àwọn ọmọ wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ yí i, awọ ọwọ́ wọn ń bó, títí ọ̀rọ̀ fi dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ New York, tí Nintendo fi gbà ní ọdún 2000 láti máa fún àwọn òbí ní ìbọ̀wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n yọ irú eré bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìkejì. Yàtọ̀ sí ọwọ́ ọmọ, ó tún ń ba ọ̀pá yẹn jẹ́, ó sì ṣòroó rí èyí tó dára báyìí.

Àwọn ìbejì yín yóò bèèrè Super Smash Bros. lọ́jọ́ kan, ìyẹn tó jáde ní ọdún 1999. Ìjà ni, ṣùgbọ́n ìjà àwàdà, kò sí ẹ̀jẹ̀: àkọni 12 láti inú àwọn géèmù Nintendo, mẹ́rin nínú wọn sì fara pamọ́ títí ẹ ó fi ṣí wọn. Ẹni tí wọ́n bá gbá jù síta pápá ló kú. Ẹ fún èyí kékeré ní Kirby, ìyẹn roboto aláwọ̀ píǹkì yẹn, torí ó lè fò léraléra nínú afẹ́fẹ́, kì í tètè jábọ́. Ibì kan sì wà nínú ètò rẹ̀ tí ẹ ti lè dín agbára àwọn ẹ̀gbọ́n kù. Ẹ dín in kù láìsọ fún wọn.

GoldenEye 007 ńkọ́? Ọkọ yín ló máa dárúkọ rẹ̀, kò sí ọkùnrin ọjọ́ orí wa tí kì í dárúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Rare ló ṣe é níbí, ní Leicestershire, ó jáde lọ́dún 1997, ẹ̀yìn tí iṣẹ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ni wọ́n tó ki eré ẹlẹ́ni mẹ́rin bọ̀ ọ́. Ó dùn, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ìbọn ni látòkèdélẹ̀, kì í ṣe ti ọmọ ọdún 6. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rà á fún ara wọn, kí wọ́n máa gbá a lẹ́yìn tí ọmọ bá ti sùn, kí ẹ sì kìlọ̀ fún wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú Oddjob. Kúkúrú bìlísì ni, ọta ìbọn ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ojú telifíṣọ̀n pín sí mẹ́rin, nítorí náà ìjà "o ń wo tèmi" yóò wà, ẹ ò lè yanjú ẹ̀.

Bọ́ọ̀lù náà wà. Èyí tí mo fẹ́ràn ni World Cup 98, torí orílẹ̀-èdè 32 tó lọ sí ilẹ̀ Faransé ló wà nínú rẹ̀, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ìdíje yẹn gan-an la ti na Sípéènì ní 3-2, kí Denmark tó wá fi 4-1 lé wa wálé. Àwọn ọmọ lè tún ti Denmark yẹn gbá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yí lẹ́sẹ̀ èèyàn là ń wí, International Superstar Soccer ti Konami dára jù ú lọ.

Bí ẹ bá ti ní Switch nílé tẹ́lẹ̀, ẹ ò nílò káséètì púpọ̀. Láti ọdún 2021 ni Nintendo ti ń fi géèmù N64 sórí ètò àsansílẹ̀ rẹ̀ tó wọ́n jù, Mario Kart 64 àti Mario Party 2 sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣírò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ páàdì ló kù. Tí ẹ bá fẹ́ ra ti àlòkù, ẹ di páàdì náà mú, kí ẹ wo ọ̀pá àárín. Ó yẹ kó dúró ṣánṣán. Bí ẹ bá tì í tí ẹ sì fi í sílẹ̀, kó padà síbi tó wà. Bó bá sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí oorun ń kùn, tàbí tí ẹ rí ìyẹ̀fun funfun ní ìdí rẹ̀, ike inú rẹ̀ ló ti jẹ ara rẹ̀ yẹn, mọ́tò ọmọ yín á máa yà sínú koríko láìjẹ̀bi. Bí ẹni tó ń tà á kò bá jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ kọjá lọ, ọlọ́jà mìíràn wà níwájú.

Bàbá Fọlákẹ́, Thamesmead